OMIDAN MARY KINGSLEY: OBÌNRIN TÍ Ó RIN IGBÓ ẸKÙN ÀTI ÌNÀKÍ (1862–1900)

  

Àwa tí a ń gbé ní Mowe, Ibafo àti Ifo mọ ohun tí à ń pè ní igbó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kọ́lé sí ibi tí ó jẹ́ oko àti igbó kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978. Síbẹ̀, bí ejò bá wọ ilé ìdáná wa lónìí, ariwo wa a gba àdúgbò kan. A ó pe baálé, a ó pe ọmọ, a ó pe aládùúgbò. Kò sí ẹni tí yóò bá wa wí, nítorí ẹranko igbó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí ó ti ìlú Òyìnbó wá, tí ó sì wọ inú igbó kìjikìji ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ẹkùn, ọ̀nì, erin àti ìnàkí fi ṣe ilé. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a mú wá fún yín nínú ìwé wa yìí.

Kí a tètè sọ ọ́: kì í ṣe míṣọ́nnárì. Ó tilẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì jiyàn gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn náà tán kí a tó dá a lẹ́jọ́.

ỌMỌ TÍ A KÒ RÁN LỌ SÍ ILÉ-ÌWÉ

Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1862 ni a bí Mary Henrietta Kingsley ní Islington, ní ìlú London. Dókítà ni baba rẹ̀, George Kingsley. Ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ rí kí ó tó di aya dókítà. Charles Kingsley, àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwọn ìwé tí ó kọ, ni ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀.

Baba yìí kì í gbélé. Àwọn ọlọ́lá tí wọ́n fẹ́ràn ìrìn àjò ni ó máa ń bá lọ gẹ́gẹ́ bí dókítà wọn, oṣù á sì gorí oṣù kí ó tó padà. Ìyá ní tirẹ̀ kò ní ìlera. Nítorí náà, ọmọbìnrin ni iṣẹ́ ilé já lé léjìká. Wọ́n ná owó sórí ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin títí tí ó fi dé Cambridge. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún Mary ni èdè Jámánì, kí ó lè máa ran baba rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwé tí ó ń kà. Gbogbo ìyókù ni ó fi ara rẹ̀ kọ́ láti inú àwọn ìwé baba rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti gbálẹ̀ tán, tí ó ti se oúnjẹ, tí ó sì ti tẹ́ ibùsùn fún ìyá rẹ̀.

Báyìí ni ìgbà èwe rẹ̀ ṣe lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, òun jókòó ti aláìsàn. Ní oṣù kejì ọdún 1892, baba rẹ̀ kú. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Mary jẹ́ ẹni ọdún 29. Ní ojú ayé ìgbà náà, a ti ka irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ìyá tàbí baba arúgbó títí dé òpin mọ bí ilé ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kejì ìsìnkú: ọwọ́ á dilẹ̀, ọkàn á ṣófo.

Ó ronú sí ohun tí òun lè ṣe. Baba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀sìn àti ètùtù àwọn ènìyàn káàkiri ayé, kò sì parí rẹ̀. Mary pinnu pé òun yóò lọ kọ́ nípa ẹ̀sìn àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbi tí wọ́n wà gan-an, òun yóò sì kó ẹja inú odò wa lọ fún àwọn onímọ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ti London.

ÌMỌ̀RÀN LÓRÍ ÌJỌ ELÉTÒ

Nígbà tí ó ń múra, ó bi àwọn tí wọ́n ti dé ibí rí léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn ni ó ń dẹ́rù bà á. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gba ìwé tí yóò fi í mọ àwọn ará Ìjọ Elétò, nítorí àwọn nìkan ni wọ́n ní ọkọ̀ òkú tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní gbogbo etíkun yìí! Ẹ̀rín ni fún wa lónìí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ẹ rántí iye àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ wa àti àwọn aya wọn tí ibà pa ní Gold Coast láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, Mary gbéra láti Liverpool. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó wọ̀ ni Lagos. Ó gúnlẹ̀ ní Sàró, ó gba etíkun lọ títí dé Luanda, ó sì padà sílé. Àjò náà dùn mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1894, ó tún wọkọ̀, ó sì dé Kàlàbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1895.

Kò kó ẹrù bí ọlọ́lá. Ó ra aṣọ, tábà àti ìwọ̀ ẹja, ó ń tà wọ́n lójú ọ̀nà bí oníṣòwò. Ó rí i pé ìlú tí wọn kò ti mọ òyìnbó rí mọ ẹni tí ń ṣòwò, wọn kì í sì í fura sí i. Aṣọ dúdú gígùn tí àwọn obìnrin ń wọ̀ ní ìlú Òyìnbó ni ó sì wọ̀ rìn nínú igbó. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Nígbà tí ó sú u, ó kọ́ ọgbọ́n kan: ó ní kí obìnrin tí a bá bi ní irú rẹ̀ sọ pé òun ń wá ọkọ òun lọ ni, kí ó sì nawọ́ sí apá ibi tí ó ń fẹ́ lọ. Wọn á fọ̀nà hàn án tàánútàánú!

LỌ́DỌ̀ MÀMÁ SLESSOR

Láti Kàlàbá ni ó ti lọ kí Mary Slessor ní Okoyong. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ yìí, obìnrin Scotland tí ó dé Kàlàbá ní ọdún 1876, tí ó sì kú sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1915. Àsìkò tí Kingsley wà níbẹ̀ ni ẹrúbìnrin kan bí ìbejì. Ní ilẹ̀ yẹn nígbà náà, ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n ń pa ọmọ, wọ́n sì ń lé ìyá. Slessor sáré lọ pàdé ìyá náà lójú ọ̀nà, ó sì gba ọmọ tí ó kù láàyè. Àwa Yorùbá tí à ń jó fún ìyá ìbejì yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Omidan Kingsley tí kì í tètè yin míṣọ́nnárì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò sí ẹni bí obìnrin yìí. Àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ẹ̀kọ́ wọn kò dọ́gba, ìgbàgbọ́ wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí obìnrin dá dúró láàárín igbó.

Ọ̀NÌ ÀTI ẸKÙN

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1895, ó kọjá sí Gàbọ́n, níbi tí odò ńlá kan wà tí à ń pè ní Ogowe. Níhìn-ín àti ní àwọn ibòmíràn tí ó dé ni ó ti pàdé àwọn ẹranko tí ó kọ ìtàn wọn.

Ní ọjọ́ kan, ó wà nínú ọkọ̀ kékeré ní inú àbàtà etí òkun. Omi òkun fà sẹ́yìn, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì lè jáde. Ọ̀nì kan gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ìdí ọkọ̀ náà, ó fẹ́ wọlé. Mary sún sí iwájú kí ọkọ̀ má baà dojú dé, ó gbé àjẹ̀, ó sì fọ́ ọ mọ́ ọ̀nì náà nímú. Ọ̀nì padà sínú omi. Ó ní òun rò pé yóò tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun dúró wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ mìíràn, ìjì ńlá bá a nínú igbó. Igi ń wó, àrá ń sán. Ó ń rá gba àárín àpáta kí ó lè rí ibi forí pamọ́ sí, nígbà tí ó gbójú sókè, ẹkùn ńlá kan ni ó lúgọ síwájú rẹ̀, kò ju ìwọ̀n ọ̀pá kan lọ. Ìjì ni ẹkùn náà ń wò, kò rí i. Mary kò pariwo, kò sáré. Ó rọra fà sẹ́yìn sí abẹ́ àpáta, ó sì dákẹ́ síbẹ̀ títí ẹkùn fi bá tirẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ ó dàbí ọdún kan.

Ẹ̀kẹta yàtọ̀. Ó sùn sí abúlé kan, ó gbọ́ ìjàkadì ní òru. Ẹkùn ni ó mú ajá. Mary kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó ju àpótí ìjókòó kan lù wọ́n, ó ju èkejì. Ẹkùn fi ajá sílẹ̀, ó yíjú sí i, ó ba mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ fò. Ìkòkò omi ni ó kù lẹ́bàá rẹ̀. Ó gbé e, ó sọ ọ́, ó sì fọ́ sí ẹkùn náà láàárín ojú méjèèjì. Ẹkùn ti sá lọ kí omi tó gbẹ nílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohun ìjà rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ obìnrin ń kàn nínú ilé lójoojúmọ́.

NÍNÚ IGBÓ ÀWỌN FANG

Ní oṣù keje ọdún 1895, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó má ṣe. Ó fẹsẹ̀ la igbó já láti odò Ogowe dé odò Rembwe, láàárín àwọn ènìyàn Fang, tí àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù nítorí wọ́n gbọ́ pé ajẹ̀nìyàn ni wọ́n. Àwọn ọkùnrin Fang fúnra wọn ni wọ́n sin ín lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà mìíràn. Orúkọ díẹ̀ nínú wọn wà nínú ìwé rẹ̀: Kiva, Fika, àti Wiki tí í ṣe ọdẹ. Bí kò bá sí wọn ni, kì bá tí padà. Òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀wọ̀ wà láàárín òun àti wọn.

Nítòsí abúlé kan tí à ń pè ní Efoua, ó gba ọ̀nà àbùjá, ilẹ̀ sì là lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀fìn ẹranko ni, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, igi líle tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó sì ń bẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Yẹ̀rì rẹ̀ tí ó nípọn ni ó gbà á. Ó jókòó lórí àwọn ẹ̀gún igi náà láìfarapa púpọ̀, wọ́n sì fi okùn igbó fà á jáde. Àwọn ènìyàn ti gbà á nímọ̀ràn ní ìlú Òyìnbó pé kí ó wọ ṣòkòtò ọkùnrin; ó ní bí òun bá gbọ́ tiwọn ni, òun ì bá ti kú.

Wọ́n tún dé irà kan tí omi rẹ̀ dé ọrùn. Ó ju wákàtí 2 lọ tí wọ́n fi wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, eṣúṣú ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn yíká bí ìlẹ̀kẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n gbé fún títà ni wọ́n fi yọ wọ́n kúrò lára ara wọn.

ÌDÍLÉ ÌNÀKÍ

Láàárín Egaja àti Esoon, Wiki lọ wo iwájú, ó sì padà wá pè é ní jẹ́jẹ́. Wọ́n fàyà fà gba inú oko kókò kan. Nígbà tí Wiki dúró, Mary rí ìnàkí 5 níwájú wọn: àgbà akọ kan, ọ̀dọ́ akọ kan àti abo mẹ́ta. Ọ̀kan nínú àwọn abo gbé ọmọ mọ́ra. Ìyá àgbà inú wọn ń ya ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹ, àwọn yòókù ń ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóko jẹ́ ju èyí tí wọ́n ń jẹ lọ.

Mary rí i pé ara Wiki ń gbọ̀n. Ó rò pé ó fẹ́ yìnbọn ni, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Àṣé sísín ni ọ̀gbẹ́ni náà ń gbìyànjú láti gbé mì! Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sín, igbó sì mì. Àwọn ìnàkí náà ké, wọ́n sì gba orí igi lọ. Mary sọ pé nínú gbogbo ẹranko tí òun rí, ojú ìnàkí ni ó burú jù. Ṣùgbọ́n òun kò rí ohun tí ó lẹ́wà tó bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀ka mú lọ nínú igbó.

Kò pa ọ̀kan nínú wọn. Àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò ìgbà náà a máa kó awọ àti eyín ẹranko lọ ṣe fáàrí. Ẹja àti àwọn ẹranko afàyàfà ni ó kó lọ fún ẹ̀kọ́, títí dòní sì ni irú ẹja mẹ́ta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

ỌWỌ́ ÌYÁ OLÓYÈ

Ní Egaja yìí kan náà, olóyè mú ìyá rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ọwọ́ ìyá náà ti wú, ó ti kẹ̀, ó ń rùn. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé òun kì í ṣe dókítà. Mary fi omi gbígbóná àti oògùn wẹ egbò náà, ó jẹ́ kí ọyún jáde, ó dì í, ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa tọ́jú rẹ̀. Níhìn-ín ni a ti rí ẹni tí ó jẹ́ gan-an. Àwọn ọdún tí ó lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, tí ayé kà sí ọdún tí ó ṣòfò, ni ó ń lò nínú igbó. Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn a máa kọ́ láti dákẹ́, láti wo ojú, láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a sún mọ́ni àti ìgbà tí kò yẹ. Ohun kan náà ni ó fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹkùn lábẹ́ àpáta.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ó gun òkè Kamẹrúùnù tí ó ga ju mítà 4,000 lọ, ó sì padà dé ìlú rẹ̀ ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 1895.

ÌJIYÀN ÀTI ÀṢÌṢE

Ìwé rẹ̀ lórí àjò náà jáde ní ọdún 1897, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ó ń sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ní òfin àti ọgbọ́n tiwọn, wọn kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tí ìjọba fi owó orí ilé lé àwọn ará Sàró lórí, tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1898, ó dúró ti àwọn ará Sàró.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi òdodo pamọ́. Ó gbèjà àwọn oníṣòwò Liverpool tí ń kó ọtí wá ta fún wa, ó ní àwọn míṣọ́nnárì ń sọ ibi ọtí náà di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ. Àwa obìnrin tí a mọ ohun tí ìgò ọtí ti ṣe nínú ilé kò lè gbà fún un lórí èyí. Àwọn ohun mìíràn wà tí ó kọ nípa àwọ̀ àti ẹ̀yà, tí kò tọ̀nà. Ènìyàn kò pé. Ẹni tí ó ní ìgboyà láàárín ẹkùn lè ṣìnà láàárín ènìyàn.

IKÚ RẸ̀

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer ní ọdún 1899. Ní oṣù kẹta ọdún 1900, Mary wọkọ̀ lọ, ó ní òun fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n rán an lọ sí Simon's Town láti tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n Boer, àwọn ọ̀tá orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ibà táífọ́ọ̀dì ń pa wọ́n bí eṣinṣin. Kò sinmi tọ̀sán tòru, àìsàn náà sì ràn án. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1900. Ẹni ọdún 37 ni.

Ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sin òun sínú òkun. Àwọn ológun sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n pósí rẹ̀ kọ̀, kò rì. Àfi ìgbà tí wọ́n so ìdákọ̀ró mọ́ ọn. Ní ọdún 1901, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London ní ìrántí rẹ̀, fún ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹkùn kò pa á, ọ̀nì kò jẹ ẹ́, ọ̀fìn kò gbà á. Ìtọ́jú aláìsàn ni ó kú sí. Inú yàrá aláìsàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó parí sí, àti pé ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó kú lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìyá arúgbó dìde lówùúrọ̀, tí ẹ ń fọ aṣọ ibùsùn, tí ọjọ́ orí ń lọ, tí ẹ ń rò pé ayé ti kọjá yín, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù. Ohun tí ọwọ́ yín ń kọ́ nínú yàrá yẹn kò ní ṣègbé lójú Ọlọ́run.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹranko náà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Ní ọdún 2002, ìjọba Gàbọ́n ya ọgbà igbó 13 sọ́tọ̀ fún erin, ìnàkí àti àwọn yòókù wọn. Nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, erin ṣì kù níbẹ̀. Kí àwa náà má ṣe jẹ́ kí igi tí ó kẹ́yìn ní àdúgbò wa ti ọwọ́ wa ṣubú.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà nínú igbó ayé, kí ó sì fún wa ní ọwọ́ tí kì í rẹ̀ lẹ́nu ìtọ́jú. Àmín.